Ẹni Tó Fi Aṣojú Sílẹ̀ fún Tẹli-

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni lẹ́tà náà dé, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́rùú ló sì wá sọ.

Abẹ́rẹ́ gbà á lọ́wọ́ apínlẹ́tà lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ náà, ó sì kà á lórí ìdúró. Ilé ìtẹ̀wé ló kọ ọ́. "Awakọ̀ wa yóò wá kó àwọn káàdì tó kù ní Ọjọ́rùú, dípò ọjọ́ Ẹtì tí a ti dá tẹ́lẹ̀. Ẹ má bínú pé a yí ọjọ́ padà."

"Ìròyìn tó bá fi ọjọ́ kan pẹ́," ni Abẹ́rẹ́ wí, "kì í ṣe ìròyìn mọ́. Ó ti di ìtàn."

"Àǹtí Abẹ́rẹ́, ẹ fi lẹ́tà sílẹ̀ jàre." Sájẹ́ǹtì ló fèsì. Orí àga kan ṣoṣo tó rọ̀ nínú yàrá náà ló jókòó sí, ó sì ti tú okùn bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan. "Ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá. Dúrọ́ọ̀ tó ṣófo yẹn ní kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó. Ìṣó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin yìí. Kí ló tún kù?"

"Ìdí tó fi mú un."

"Ó máa sọ ìyẹn fún wa ní àgọ́. Tó bá di aago mẹ́ta, mò ń mú un lọ."

Ọmọbìnrin tí wọ́n ń sọ jókòó sídìí ẹ̀rọ táípù rẹ̀. Onítáípù ni wọ́n ń pè é nínú ilé náà. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹni di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú láàárín èrò.

Abẹ́rẹ́ kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣiṣẹ́ nínú yàrá fáìlì àwọn ọlọ́pàá, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé bí ọ̀rọ̀ bá fàya sí wẹ́wẹ́, òun ló máa ń rán an pọ̀. Ó tún rí tẹ́ẹ́rẹ́ bákan náà. Nígbà tó fi iṣẹ́ fáìlì sílẹ̀ tó gba yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù aránbàtà, níbi tó ti ń bá àwọn èèyàn wá ohun tó sọnù, orúkọ náà bá a lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fojú kéré rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń rán an létí pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ.

Ó wo yàrá náà yíká. Dúrọ́ọ̀ ni ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láti ilẹ̀ dé òkè àjà, àfi ibi tí fèrèsé àti ìlẹ̀kùn ti bẹ̀bẹ̀ fún àyè. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ẹni tó ni ín, Bàbá Oníkáàdì, ti fi ń kọ ìwé kan ṣoṣo níbẹ̀: ìwé tó ń ṣàlàyé àwọn ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó ti inú èdè àwọn ará ìgbàanì wọ inú èdè wa. Orí káàdì ló ń kọ wọ́n sí. Ilé ìtẹ̀wé á kó àwọn káàdì orí kan lọ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á dá wọn padà sínú dúrọ́ọ̀ wọn. Gbogbo orí ló ti lọ tó ti bọ̀. Ó ku ẹyọ kan péré, ìyẹn tẹli-.

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ àná, awakọ̀ ilé ìtẹ̀wé dé láìròtẹ́lẹ̀. Bàbá Oníkáàdì rẹ́rìn-ín, ó ṣí dúrọ́ọ̀ bí ẹni ṣí ìlẹ̀kùn fún ìyàwó tuntun. Káàdì mẹ́tàlélógójì ló yẹ kó wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan.

Awakọ̀ gbà láti sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì. Aago mẹ́rin òní ló máa kọrí sílé. Bó bá lọ lọ́wọ́ òfo, ìwé ẹlòmíràn ni wọ́n á gbé sórí ẹ̀rọ, ìwé Bàbá á sì dúró di ọdún tó ń bọ̀.

"Ọdún tó ń bọ̀ ti pẹ́ jù," ni Bàbá ń wí ṣáá. Kò sọ ohun tó fà á tó fi pẹ́ jù.

*

"Bàbá, kí ni tẹli- yìí gan-an?" Abẹ́rẹ́ bi í. "Mi ò lè wá ohun tí mi ò mọ̀."

Ojú arúgbó náà là. Ó gbàgbé ìbànújẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ tòsí.

"Àwọn Gíríìkì ló ni ín. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni 'jíjìn', tàbí 'láti òkèèrè'. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni. Tẹlifóònù ńkọ́? Fóònù, ohùn ni lọ́dọ̀ tiwọn. Fi tẹli- síwájú rẹ̀, ó di ohùn tó ti òkèèrè wá. Tẹ́lígíráàmù, ìwé tí a kọ láti òkèèrè. Tẹlisíkóòpù, ohun tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ìràwọ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ."

"Kí ló dé tó fi gba káàdì mẹ́tàlélógójì?"

"Ìwà rẹ̀ ni! Iwájú ló máa ń wà, kì í gba ẹ̀yìn láéláé. Ṣùgbọ́n kì í dá dúró. Ṣé o ti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ra tẹli lọ́jà rí? Bí kò bá rí ọ̀rọ̀ tó máa fara tì, kò já mọ́ nǹkan kan. Wo oní- tiwa. Alágẹmọ gbáà ni: onílé, aláṣọ, elépo, olówó. Aṣọ ẹni tó bá bá ló ń wọ̀. Ṣùgbọ́n tẹli- kì í sábà yí ara rẹ̀ padà fún ẹnikẹ́ni. Alágídí ni."

"Bí ẹnì kan tí mo mọ̀." Ohùn kan ló wá látẹnu ọ̀nà. Màmá, ìyàwó Bàbá, ló gbé tíì wọlé. Obìnrin pẹ̀lẹ́ kan ni, ó so épírọ́ọ̀nù tó ní àpò ńlá níwájú. Ó gbé ife ka iwájú kálukú, ó fa ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó fi í kan etí ife, ó sì jáde.

Abẹ́rẹ́ na lẹ́tà ilé ìtẹ̀wé sí Bàbá. "Ẹ wò ó, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

Bàbá gbà á, ó gbé e súnmọ́ awò ojú rẹ̀, ó mi orí. "Ọ̀rọ̀ wọn náà nìyẹn." Ó dá a padà.

Abẹ́rẹ́ ká lẹ́tà náà. Ó kàn ń wo awò ojú náà. Eruku orí rẹ̀ nípọn débi pé èèyàn lè fi ìka kọ orúkọ sí i.

*

Inú dúrọ́ọ̀ tẹli- kò ṣófo pátápátá. Nígbà tí Abẹ́rẹ́ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé ẹ̀yìn, ó fa káàdì aláwọ̀ búlúù kan yọ. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.

"Aṣojú nìyẹn," ni Onítáípù wí. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa la ẹnu nìyẹn. "Bí èèyàn bá mú káàdì kan jáde, ó gbọ́dọ̀ fi aṣojú dípò rẹ̀, kó kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ọjọ́ sí i. Kí ẹni tó ń wá a lè mọ ibi tó lọ."

"Ó mọ òfin náà o!" Bàbá bú sẹ́rìn-ín láti ibi tó jókòó sí. "Oṣù mẹ́jọ ló ti ń ṣiṣẹ́ níbí, kò tíì rántí aṣojú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo máa ń pariwo títí ọ̀fun mi á gbẹ."

"Ẹ má bínú, sà."

"Mo ti bínú tán. Ó ti sú mi."

Sájẹ́ǹtì na ọrùn wo káàdì náà. "Káàdì òfìfo. Kí ni ká fi ṣe?"

"Ó ti sọ̀rọ̀ ju èmi àti ẹ̀yin lọ láti àárọ̀." Abẹ́rẹ́ gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Wọ́n ti fi àlùmọ́gàjí gé igun rẹ̀ ọ̀tún òkè, díẹ̀ báyìí, kò ju èékánná ìka kékeré lọ. Ó fi í sápò. "Onítáípù, ta ló tún wọ yàrá yìí lọ́sẹ̀ yìí?"

"Tíṣà ilé ìwé nìkan, tó máa ń wá bá Bàbá jiyàn. Ó wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Òun àti Bàbá jà."

"Kí ni wọ́n jà lé lórí?"

"Tẹlifíṣọ̀n."

"Wọ́n ń wò ó ni?"

"Rárá o, mà. Wọ́n ń jà lórí ibi tí wọ́n máa kọ ọ́ sí. Tíṣà ní bí òun bá rí káàdì yẹn, òun á fà á ya."

Sájẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í so okùn bàtà rẹ̀. "Áà! Kí ló dé tẹ́nì kankan ò sọ bẹ́ẹ̀ láti àná?"

"Ẹ ò bi mí, sà. Ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà lẹ bi mí."

Abẹ́rẹ́ rí omi lójú ọmọbìnrin náà. "Kí lò ń rò?" ó bi í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Mò ń rò ó pé bí mo bá wọ àgọ́ ọlọ́pàá lónìí, bí wọ́n tiẹ̀ dá mi sílẹ̀ lọ́la, ta ló máa gbà mí síṣẹ́? Wọ́n á ní, 'Ṣé kì í ṣe èyí tó jí ìwé arúgbó yẹn nìyí?' Orúkọ ni mo ní, mà. Mi ò ní nǹkan míì."

*

Tíṣà ń nu pátákó nígbà tí wọ́n dé kíláàsì rẹ̀. Ẹfun ti sọ irùngbọ̀n rẹ̀ di funfun lápá kan.

"Mo sọ ọ́," ó dáhùn kí Sájẹ́ǹtì tó béèrè tán. "Mo ní màá fà á ya, mo sì tún ń sọ ọ́. Tẹli- jẹ́ ti Gíríìkì. Fíṣọ̀n, ìyẹn ìríran, ti àwọn ará Róòmù ni. Orí Gíríìkì, ìdí Róòmù! Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Irú rẹ̀ kò yẹ kó bá àwọn ọmọ gidi jókòó nínú orí kan náà."

"Bàbá ńkọ́, kí ló sọ?"

"Ó ní inú ilé tí ìyàwó bá wọ̀ ni wọ́n ti ń ka iye ọmọ rẹ̀, pé ẹni tó bá ti fara mọ́ tẹli-, ọmọ tẹli- ni." Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó sì tètè fajú ro. "Arúgbó yẹn mọ̀rọ̀ọ́sọ, ìyẹn ló ń dùn mí. Wọ́n ti wá ríwèé náà ni?"

"Wọn ò tíì rí i."

"Ó sì fẹ́ẹ̀ parí!" Ó ju ohun ìnupátákó sórí tábìlì, ẹfun gbalẹ̀. "Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń bá a jà. Bí ìwé yẹn ò bá jáde, kí ni màá máa takò? Ṣé ẹ rò pé mo lè rí ọ̀tá tó dáa bẹ́ẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ orí mi yìí?"

Sájẹ́ǹtì súnmọ́ etí Abẹ́rẹ́. "Ó ń ṣe ojú ayé."

"Ó ṣeé ṣe," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ẹ bá wa ká lọ, Tíṣà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi mú nǹkan kan."

Lójú ọ̀nà, Abẹ́rẹ́ ń rìn lẹ́yìn wọn bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló ń yí lọ yí bọ̀ nínú rẹ̀. Olè tó bá fẹ́ ba ìwé jẹ́ á kó káàdì, á sì ti dúrọ́ọ̀. Èwo ni ti aṣojú? Ta ni yóò jalè, tí yóò tún fi nǹkan dípò ohun tó jí? Àfi ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe é tó bẹ́ẹ̀ tí kò bi orí léèrè mọ́. Ó ronú kan Bàbá fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò lè ka lẹ́tà lè fẹ́ kí ìwé rẹ̀ má parí. Ṣùgbọ́n ó rántí ohùn rẹ̀ nígbà tó ń ṣàlàyé. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ohun tó fẹ́ràn báyẹn kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e pamọ́. Ó ju èrò náà sẹ́yìn.

*

Aago kan ààbọ̀ ni wọ́n padà dé. Abẹ́rẹ́ dúró sáàárín yàrá.

"Ẹ dákun, mo fẹ́ mọ̀ nípa àwọn ìbẹ̀rẹ̀ yòókù náà. Tíṣà, ẹ bá mi mú káàdì máíkírò- wá."

"Èyí tó túmọ̀ sí 'kékeré'." Tíṣà lọ tààrà, ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó mú káàdì, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti dúrọ́ọ̀ padà gbàgà. "Òun nìyí. Àlàyé rẹ̀ ò burú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gùn jù."

"Ẹ ṣé. Onítáípù, bá mi mú ọ́tò- náà."

"Èyí tó jẹ́ 'fúnra ẹni', mà." Ọmọbìnrin náà sáré lọ, ó sáré bọ̀, ó na káàdì.

"Aṣojú!" Bàbá pariwo láti orí àga rẹ̀. "Mo gbọ́ bí dúrọ́ọ̀ ṣe yára pa dé. Kò fi aṣojú sí i!"

"Yéè! Ẹ má bínú, sà."

Tíṣà ń wò wọ́n. "Kí ni aṣojú?"

Sájẹ́ǹtì mú kọ́kọ́rọ́ ìdè rẹ̀ mì woroworo. "Àǹtí Abẹ́rẹ́, ṣé eré la wá ṣe níbí?"

Màmá ló wọlé nígbà náà láti wá kó àwọn ife òfìfo. Abẹ́rẹ́ kò yíjú padà rárá. "Màmá, níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ti wà nítòsí ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú pólì-."

"Èyí tó túmọ̀ sí 'púpọ̀'," Màmá wí. Ó gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀ sórí àpótí, ó fa dúrọ́ọ̀ kan, ìka rẹ̀ rìn lórí àwọn káàdì bí ẹsẹ̀ ẹyẹ, ó mú ọ̀kan, ó ti ọwọ́ kejì bọ àpò épírọ́ọ̀nù, ó fa káàdì búlúù kan jáde, ó fi sí àyè èyí tó mú, ó sì rọra ti dúrọ́ọ̀. Kò wo ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Òun rèé, ọmọ mi."

Ó gbé àwo rẹ̀, ó jáde.

Sájẹ́ǹtì ń yọ ife kan tó wà lábẹ́ àga rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Tíṣà ń ka káàdì máíkírò-. Onítáípù nìkan ló la ẹnu sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ gbé ìka kan sétè, ọmọbìnrin náà sì pa ẹnu dé.

Abẹ́rẹ́ fa dúrọ́ọ̀ pólì-, ó sì wo aṣojú tuntun náà. Igun ọ̀tún òkè rẹ̀, wọ́n ti gé e. Ó wo káàdì tí Màmá mú wá, èyí tí wọ́n kọ ìbẹ̀rẹ̀ náà sí. Wọ́n ti gé igun tirẹ̀ náà.

"Bàbá," ó béèrè, "kí ló dé tí wọ́n gé igun àwọn káàdì yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tà á báyìí," ni Bàbá dáhùn. Ó ń fi àtàńpàkò pa igun káàdì kan tó wà níwájú rẹ̀. "Láti bí ọdún kan. Ó dára gan-an. Èèyàn lè mọ ibi tí orí kan ti bẹ̀rẹ̀ láìwo..." Ó gbọ́wọ́ kúrò. "Láìdààmú ara rẹ̀."

*

Ilé ìdáná náà mọ́ tónítóní. Màmá ń fọ ife.

"Màmá," ni Abẹ́rẹ́ wí, ó sì ti ìlẹ̀kùn. "Mélòó lẹ ti kọ tán?"

Ọwọ́ Màmá dúró nínú omi. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n bá lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

"Ogójì. Ó ku mẹ́ta. Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Íǹkì wà lára ìka yín. Ẹni tó ń po tíì kì í ní íǹkì lọ́wọ́. Lẹ́tà ló sì sọ ìyókù. Ọjọ́ Ẹtì ni gbogbo yín mọ̀. Ẹni tó kó káàdì yìí kò fẹ́ kó wọn sá. Ó fẹ́ dá wọn padà kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ilé ìtẹ̀wé ló yí ọjọ́ padà, ìwé wọn ni kò tètè dé. Ká ní ó dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi ì bá má mọ ilé yìí."

Màmá nu ọwọ́. Ó lọ sídìí agbọ̀n aṣọ tí wọn ò tíì lọ̀, ó fa agolo bisikíìtì kan jáde lábẹ́ rẹ̀. Ìdì méjì ni káàdì inú rẹ̀. Ó fi ìdì ti àtijọ́ lé Abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

Abẹ́rẹ́ ka ọ̀kan. Ìlà gun orí ìlà bí àgùntàn tó há sẹ́nu géètì. Ó ka òmíràn: "Tẹlisíkóòpù: ohun èlò tí a fi ń bá ìràwọ̀ sọ̀rọ̀, tí a bá ti tẹ nọ́ńbà rẹ̀." Kò mọ ìgbà tó bú sẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

"Ọjọ́ tí mo ka ìyẹn, mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ orí yìí: ó kọ tẹlifóònù lé tẹlisíkóòpù lórí, kò rí i. Tí ilé ìtẹ̀wé bá rí irú èyí, tí Tíṣà bá rí i ńkọ́? Ọdún méjìlélógún ni mo fi bá a kọ káàdì kí ọmọdé yẹn tó dé. Mo mọ ohùn rẹ̀ lórí ìwé ju bí mo ṣe mọ tèmi lọ. Mo ní kí n tún wọn kọ, kí n dá wọn padà. Kò ní mọ̀."

"Ẹ̀yin náà lẹ̀ ń gé igun káàdì."

"Kí ọwọ́ rẹ̀ lè ríran. Kò sọ fún mi pé ojú òun ń lọ. Èmi náà ò sọ fún un pé mo mọ̀. Bá a ṣe ń gbé e nìyẹn."

Abẹ́rẹ́ rí i wàyí ìdí tí ọdún tó ń bọ̀ fi pẹ́ jù.

"Ọmọ mi," Màmá dì í lọ́wọ́ mú, "sọ fún wọn pé eku ló kó wọn."

"Eku tó ń fi aṣojú sílẹ̀, Màmá?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èyí kò pẹ́.

"Ẹ gbọ́," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Bí ẹ bá fi káàdì wọ̀nyí sínú dúrọ́ọ̀ láìsọ nǹkan kan, ìwé á lọ. Ṣùgbọ́n Sájẹ́ǹtì á sọ pé ẹ̀rù ló ba Onítáípù tó fi dá wọn padà, olè náà ni yóò máa jẹ́ títí. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀, Bàbá á mọ̀ pé ẹ mọ̀. Bàbá ló gbé iṣẹ́ fún mi, mi ò sì ní parọ́ fún un. Ṣùgbọ́n mi ò ní gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín. Mo fún yín di aago mẹ́ta."

Màmá wo aago ara ògiri. Aago méjì ó lé mẹ́wàá. Ó ṣí ìgò íǹkì.

"Jókòó," ó wí. "Bá mi máa fẹ́ atẹ́gùn sí wọn kó lè tètè gbẹ."

*

Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́ta lù, Sájẹ́ǹtì dìde, ó fa bẹ́líìtì rẹ̀ sókè. Onítáípù ti ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ti fi aṣọ bo ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun á tún padà wá.

Màmá wọlé láìsí àwo tíì. Káàdì ló kó sọ́wọ́. Ó kọjá lójú Sájẹ́ǹtì bí ẹni tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó fa àga, ó jókòó kojú ọkọ rẹ̀, eékún kan eékún. Abẹ́rẹ́ dúró ti ìlẹ̀kùn.

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"'Tẹli-: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ló ti wá, ó túmọ̀ sí jíjìn. Iwájú ọ̀rọ̀ nìkan ló ń gbé, kì í dá dúró. Ọ̀rọ̀ tó bá fara tì ló ń mú lọ sí òkèèrè, bí ẹni tó wà lódìkejì odò tí a ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ kedere.'"

Bàbá Oníkáàdì gbé orí sókè. "Tèmi ni gbogbo ìyẹn," ó wí, ohùn rẹ̀ rọ̀, "títí dé 'òkèèrè'. Èmi kọ́ ni mo kọ ti odò."

"Rárá, ẹ̀yin kọ́."

"Ó dára ju tèmi lọ." Ó na ọwọ́, ìka rẹ̀ bá igun tí wọ́n gé, ó sì dúró níbẹ̀. Ó fọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ orin tó ti mọ̀ tipẹ́. "Wọn kì í tà á bẹ́ẹ̀, àbí?"

"Wọn kì í tà á bẹ́ẹ̀." Màmá kó gbogbo káàdì náà lé e lẹ́sẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ sókè, kí Sájẹ́ǹtì lè gbọ́, kí Onítáípù lè gbọ́, kí Tíṣà pàápàá lè gbọ́. "Èmi ni mo kó wọn, Bàbá. Ọmọ yìí ò fọwọ́ kàn wọ́n. Ojú yín ti lọ, mo ti mọ̀ láti ọdún tó kọjá, mo sì ń bá yín gbé e pamọ́. Mi ò gbé e pamọ́ mọ́. Láti òní lọ, ẹ̀yin lẹ ó máa sọ̀rọ̀, èmi ni màá máa kọ ọ́, orúkọ àwa méjèèjì ni yóò sì wà níwájú ìwé yìí. Ohun tí mo yàn nìyẹn."